Piontek dé Kàbbà: ẹ má sọ pé orúkọ tó bá ṣọ̀wọ́n kì í ṣe ti Yorùbá

Sí Olóòtú,

Ẹ okun o. Ìkíni tiwa nìyẹn ní Kàbbà níbí, òun náà ló sọ wá di ará Okun lẹ́nu gbogbo ayé, torí náà kí n tiẹ̀ tó sọ ibi tí mo wà ẹ ti mọ̀. Mo fẹ́ fèsì sí lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, níbi tí ẹnì kan ti kọ ọ́ pé orúkọ ìdílé tí èèyàn ò bá gbọ́ rí n'Íbàdàn tàbí l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí l'Ékòó kì í ṣe orúkọ Yorùbá, ó wá nawọ́ sí àwa ará ìwọ̀ oòrùn Kogi, ó ní àwọn orúkọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀dọ̀ Núpé tàbí Ígálà la ti gbọ́dọ̀ yá wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, mi ò sì bá a jà, ṣùgbọ́n ọdún 31 ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ilé ìwé, èmi ni mo máa ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n á mú ọmọ tuntun wá bá, mo ti kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ́jísítà títí ọwọ́ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, mo mọ ohun tí bírò lè fi orúkọ ṣe. Ẹ̀rí tí mo fẹ́ mú wá kì í ṣe ti Okun nìkan. Ọ̀dọ̀ òyìnbó tó wá fẹ́ àbúrò mi ni mo ti rí i.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, nọ́ọ̀sì ni ní Jámánì, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Gelsenkirchen ló ń gbé. Nígbà tó tó àsìkò láti fẹ́ ọkọ, ọmọ ibẹ̀ ló mú wá, oníwà tútù, tó bá dọ̀bálẹ̀ àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ. Wọ́n ṣe ìdána ní Kàbbà níbí nínú oṣù Kejìlá. Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí a fi dé ibi lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó, tí alága ìjókòó fẹ́ ka orúkọ ìdílé ọkọ sétí gbogbo èèyàn. Piontek. Ó pè é ní Páyọ́ńtẹ́ẹ̀kì, ó tún un pè, ó di Píọ́ńtíìkì, àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín, ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹni ọdún 84, bá ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Ó wo ọkọ ìyàwó lójú, ó ní, "Ọmọ mi, orúkọ ilé bàbá rẹ yìí, kí ló ń sọ?"

Àbúrò mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ọkùnrin náà dìde dúró, ó ronú díẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ohun tóun mọ̀ ò ju pé láti kékeré òun nìkan lòun ń jẹ́ ẹ ní kíláàsì, gbogbo tíṣà ló máa ń béèrè bí wọ́n ṣe ń sípẹ́lì rẹ̀, wọ́n á tún béèrè bóyá ará Pólándì ni wọ́n nílé òun. Nígbà tó wá dàgbà, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ najú ní Pólándì, àwọn tibẹ̀ wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, wọ́n ní rárá o, àwa kì í kọ ọ́ báyìí, ará Jámánì ni ẹ́.

Níbi tí mo jókòó sí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Torí kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí tiwa? Tá a bá wá iṣẹ́ lọ sókè ọya lọ́hùn-ún, wọ́n á ní Yorùbá ni wá, ká lọ wá tiwa nílé. Tá a bá sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìbàdàn, tá a la ẹnu báyìí, wọ́n á ní "ẹ̀yin ará Kogi, ṣé ẹ tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá ni?" Mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa pé kó fún mi láàyè díẹ̀, pé èmi fúnra mi máa wá ìtumọ̀ orúkọ náà kí ìyàwó tó bímọ.

Ọkọ àbúrò mi fi ìwé àtijọ́ bàbá bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, fọ́tò ìwé ìbí, ti ìgbéyàwó, gbogbo ẹ̀ ló ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, mo ń ka èyí, mo ń ka tọ̀hún lórí fóònù, àbúrò mi ń bá mi túmọ̀ èyí tó jẹ́ èdè Jámánì. Kò pẹ́ tá a fi rí i. Piontek ò ju ọ̀rọ̀ Pólándì kan lọ, piątek, tó túmọ̀ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Jímọ̀. Ara nọ́ńbà márùn-ún wọn ló ti jáde, pięć, torí Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń ka ọjọ́, Jímọ̀ wá jẹ́ ìkarùn-ún. Àwa tá a ní ọjà ọrún, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti gbọ́. Ìlú kan tiẹ̀ wà láàárín gbùngbùn Pólándì tó ń jẹ́ Piątek, torí ọjà ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ń ná níbẹ̀ láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òmíràn sì wà nítòsí Poznań tó ń jẹ́ Środa, Ọjọ́rú nìyẹn. Ẹni tó bá wá ń jẹ́ Piątek, àwọn tó ń ṣèwádìí orúkọ máa ń sọ pé ó lè jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí baba ńlá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa ń lọ ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ni ilẹ̀ tó ń dáko lé.

Alhaji kan wà lójúlé kejì sí wa, Jimoh ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ìgbà tí mo sọ fún un, ṣe ló fò dìde lórí ẹní, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà àna wa yẹn, ó pè é lórí fídíò, ó ń pariwo pé "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí o, Jimoh lèmi náà!" Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ọkọ àbúrò mi fọwọ́ sí àyà, ó ń sọ pé "Jimoh, Jimoh". (Ẹ tún wo h tó wà lẹ́yìn Jimoh yẹn, ta ló ń pè é lẹ́nu? Bírò ló fi síbẹ̀.) Olóyè Sunday Awoniyi, ọmọ Mọ̀pà wa níbí, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ kó tó kú ní 2007, ọjọ́ ló ń jẹ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n bí Piątek ṣe di Piontek, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi wà, ẹ ní sùúrù fún mi níbẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà kẹta nínú Piątek dáadáa, ą, a tó ní ìrù lábẹ́. Ogonek ni wọ́n ń pe ìrù náà, ìtumọ̀ ogonek sì ni ìrù kékeré. Ẹni tó bá rí i tó pè é bíi lẹ́tà a lásán ti ṣì í pè, ohùn imú ni, bí ọn tó wà nínú ìbọn, nínú àgbọn. Àwa Yorùbá, n la máa ń fi sẹ́yìn fáwẹ̀lì láti sọ pé imú ni ohùn gbà, àwọn ará Pólándì fi ìrù sábẹ́ tiwọn. Akọ̀wé Jámánì ò ní lẹ́tà onírù, ó gbọ́ ohùn imú, ó kọ on. Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, ohun tí àwa náà à bá kọ nìyẹn! Tó bá jẹ́ b ló tẹ̀ lé lẹ́tà onírù yẹn, ohùn imú á di m, bí a ṣe ń kọ "ń bọ̀" tí ẹnu wa ń pe ḿbọ̀, ìdí nìyẹn tí Dąbrowski, tó jáde láti ara ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ igbó igi oak, fi di Dombrowski ní Jámánì. Sz tiwọn ni ṣ tiwa, ará Jámánì á fi sch kọ ọ́, bí òyìnbó ṣe ń fi sh kọ Ṣadé àti Ṣọlá, bẹ́ẹ̀ ni Szymański ṣe di Schimanski, Wiśniewski, tí ś rẹ̀ dún jọ ọ́, náà di Wischnewski. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìdílé méjì ni. Ẹnu kan náà ni, ọwọ́ tó kọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ìgbà wo wá ni akọ̀wé Jámánì dé ọ̀dọ̀ wọn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn aládùúgbò Pólándì pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ẹran Iléyá, 1772, 1793, 1795, Prọ́ṣíà, ìjọba Jámánì kan láyé ìgbà náà, àti Rọ́ṣíà àti Ọ́sítríà (Ọ́sítríà ò sí nínú ti 1793), títí kò fi sí nǹkan tó ń jẹ́ Pólándì lórí máàpù mọ́, ó di 1918 kó tó padà. Sílésíà, ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn Pólándì àti Jámánì, níbi tí àwọn baba àna wa ti wá, Prọ́ṣíà ti gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́wọ́ Ọ́sítríà ṣáájú ìyẹn, nínú ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1740. Nígbà tó wá di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1874, ìjọba Prọ́ṣíà dá ọ́fíìsì sílẹ̀ káàkiri tí yóò máa kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń sọ èdè Pólándì á wọlé, á sọ orúkọ ọmọ rẹ̀, akọ̀wé tí etí rẹ̀ jẹ́ etí Jámánì á kọ ọ́. Kí àgbẹ̀ yẹn tó délé, orúkọ ti di òmíràn, kò sì mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ọdún kejì rẹ̀ gan-an, 1875, ni àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣe ìpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, tí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ fi rìnlẹ̀. Èrò pé kí a fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé kan ní Berlin ni CMS ti gbà á, Richard Lepsius, tó gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1855, Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther tí iṣẹ́ rẹ̀ dé Lọ́kọ́ja wa níbí náà sì wà nínú àwọn tó ṣe wàhálà lórí bí a ṣe ń kọ èdè wa. Ará Prọ́ṣíà ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fi àmì sábẹ́ lẹ́tà tiwa kó má bàa sọnù, akọ̀wé Prọ́ṣíà ló sì ń yọ ìrù kúrò lábẹ́ lẹ́tà àwọn ará Sílésíà. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ tí mo rí i.

Kí ló wá dé tí Piontek fi ṣọ̀wọ́n? Ẹ lọ sí Pólándì, Piątek onírù pọ̀ níbẹ̀, èyí tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè wọn, Krzysztof Piątek, ẹ̀yin ọlọ́bọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí Jámánì, Freitag pọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ náà ni Freitag jẹ́ lédè tiwọn. Piontek wà láàárín àwọn méjèèjì, torí ibi tí ẹnu Pólándì àti bírò Jámánì ti pàdé nìkan ni wọ́n ti lè bí i, ìyẹn Sílésíà àti Poznań àti àwọn àgbègbè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún wá fún un lọ́rùn láti ọ̀tún àti òsì. Ní oṣù Kẹta 1921 wọ́n dìbò ní Òkè Sílésíà bóyá Jámánì ni wọ́n fẹ́ àbí Pólándì, nígbà tó fi máa di 1922 wọ́n ti la ilẹ̀ náà sí méjì, Katowice bọ́ sí Pólándì, Gliwice àti Opole kù sí Jámánì, mọ̀lẹ́bí kan náà wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì ààlà. Nígbà ìjọba Hitler wọ́n ń ti àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa orúkọ tó bá dún bíi Pólándì dà, Piontek lè di Freitag láàárín ọjọ́ kan. Ogun parí ní 1945, gbogbo Sílésíà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Pólándì tán, ìjọba tuntun náà ní kí àwọn tó kù pa orúkọ tó bá dún bíi Jámánì dà, Piontek á di Piątek. Ẹni tí kò bá pa á dà, tàbí tó ti kó lọ sí ìlú òkèèrè kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òun ló ṣì ń jẹ́ Piontek. Bàbá ńlá àna wa ti bá àwọn tó lọ wa èédú ní agbègbè Ruhr lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tó ń sọ èdè Pólándì ló lọ síbẹ̀ kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe di ará Gelsenkirchen nìyẹn.

Nínú Gelsenkirchen yìí náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Schalke wà, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje ẹgbẹ́ Jámánì lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín 1934 sí 1942, àwọn ọmọ tó gbá a fún wọn ń jẹ́ Szepan, wọ́n ń jẹ́ Kuzorra, ọmọ àwọn tó wá láti Masuria lápá ìlà oòrùn. Lóde òní, Lukas Podolski tó gbá bọ́ọ̀lù fún Jámánì, Gliwice ni wọ́n bí i sí ní 1985. Miroslav Klose, Opole, 1978, tó gbá 16 sáwọ̀n ní ìdíje àgbáyé fún Jámánì, orúkọ ìdílé tirẹ̀ kò tiẹ̀ ní Pólándì nínú, ìkékúrú Nikolaus ni bí àwọn ará Sílésíà ṣe ń pè é, bí ìgbà tí Kọ́láwọlé bá di Kọ́lá. Ọmọ Sílésíà lè ní orúkọ Jámánì, ará Jámánì lè ní orúkọ Pólándì, ilẹ̀ kan náà ni.

Angela Merkel ńkọ́, tó ṣe olórí ìjọba Jámánì fún ọdún 16? Kasner ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀, ọmọ Poznań ni, Ludwik Kaźmierczak ló ń jẹ́, ìyẹn ọmọ Kazimierz, nígbà tó dé Berlin ló pa á dà sí Kasner, ní 1930. Orúkọ kan ṣoṣo ló gbé e sọnù o, gbogbo ayé ò sì mọ̀ títí di 2013. Tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá rí Kasner, kí ló máa sọ? Á ní ará Jámánì pọ́ńbélé ni.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n padà sórí tábìlì mi nílé ìwé. Tápùráítà tí wọ́n fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, ká má tiẹ̀ sọ ti àmì ohùn. Bàbá kan á mú ọmọ rẹ̀ wá láti abúlé kan ní Bùnú, màá ní orúkọ bàbá ńkọ́, á ní Òjó, màá tẹ OJO, màá ní ó tán, ẹlòmíràn. Òjó ni ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ìwọ̀nyẹn kì í ṣe orúkọ téèyàn ń fún ọmọ lásán, ọmọ ló mú un tọ̀run wá. Ọdún tó kọjá, ọmọ ọmọ bàbá yẹn wá bá mi nílé, ọmọ tó ti lọ yunifásítì, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ojo tí à ń jẹ́ yìí, òjò tó ń rọ̀ ni àbí ọjọ́?" Mi ò lè dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀fun mi dí. Ọwọ́ tèmi ló pa ìtàn yẹn. Bàbá náà ti kú, ẹni tó mọ̀ ti tán nílé wọn, èmi akọ̀wé ni mo ṣì rántí ohùn tó fi pè é, torí mo gbọ́ ọ létí mi kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tún wà tó jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ẹ̀gbọ́n wọlé kí wọ́n tó yí ìlànà kíkọ Yorùbá padà ní 1974, wọ́n kọ Aiyedun fún un. Àbúrò wọlé lẹ́yìn náà, mo kọ Ayedun. Ayédùn ni méjèèjì. Nígbà tí bàbá wọn kú tí wọ́n lọ gba owó tó fi sílẹ̀ ní báǹkì kan, wọ́n ní ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọ́n ní kí wọ́n lọ búra ní kóòtù, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ fún ọdún kan ààbọ̀. Tí ẹ bá wá wo Aiyedun yẹn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, tó bá ṣẹ́ ku ìdílé kan péré tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé orúkọ yìí ṣọ̀wọ́n, kò jọ Yorùbá.

Àwa Okun sì wá ju àwọn ará Sílésíà lọ lọ́nà kan, torí ààlà tiwa ò dẹ́kun rírìn. Àríwá Nàìjíríà ni àwọn òyìnbó fi wá sí, Kabba Province, 1967 a bá Ìlọrin lọ sí ìpínlẹ̀ tó wá di Kwara, 1991 wọ́n yọ wá, a di ará Kogi, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ṣí kúrò lójú kan nínú wa. Gbogbo ìgbà yẹn, akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wa lè jẹ́ Haúsá, ó lè jẹ́ Núpé, ó lè jẹ́ òyìnbó, ó lè jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí ohùn Owé tàbí ohùn Yàgbà ṣàjèjì sí létí. Àwọn baba wa ò tiẹ̀ ní orúkọ ìdílé tẹ́lẹ̀, lágbájá ọmọ tàmẹ̀dò ni. Ìgbà tí iléèwé dé (ní Ẹ̀gbẹ̀, 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì ìjọ SIM, débẹ̀) ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi ọmọ ní orúkọ bàbá, tí orúkọ tí wọ́n fi ń pe bàbá nínú oko wá di èyí tí àrọ́mọdọ́mọ ń jẹ́. Mi ò ní kò sí orúkọ Núpé láàárín wa o. Bídà kó wa lógun lọ́pọ̀ ọdún, ó di 1897 kí àwọn Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ ìṣòwò àwọn òyìnbó, tó ṣẹ́gun wọn, láàárín ìgbà yẹn a ti fẹ́ra wa, àwọn kan ti gba Ìsìláàmù, orúkọ ti wọlé síra wọn. Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé wíwọ́n ò lè jẹ́rìí sí i. Kéèyàn lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé kó tó gbé e lé ẹ̀yà kan lórí.

Ẹ ò tíì gbọ́ ti Nowak. Òun ni orúkọ ìdílé tó pọ̀ jù ní gbogbo Pólándì, kò sí àdúgbò tí kò sí. Ẹni tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àlejò, àtọ̀húnrìnwá, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú! Orúkọ àlejò ló pọ̀ jù níbẹ̀, orúkọ onílẹ̀ bíi ti àna wa ló wá di ohun tí wọ́n ń béèrè pé níbo lo ti rí i. Tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọ̀n wọ́n, Nowak ló máa gbé ilé fún.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n pe orúkọ náà bí àwọn tó ni ín ṣe ń pè é, mo pè é, ó tún un pè, inú imú ló ti pè é dáadáa, ó ní "Ó mà rọrùn." Àbúrò mi lóyún báyìí, oṣù méjì ló kù, bàbá ti ní Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí yín. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ ìkéde òkú àti ti ìgbéyàwó àti ti oyè àwa ará Okun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi àmì sórí orúkọ ìdílé, àti àmì abẹ́ àti àmì ohùn, bí ẹ ṣe ń fi sí ara àkọlé ìròyìn yín. Tí àwọn tó mú ìkéde wá ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n pe àgbà ilé wọn lórí fóònù kó pè é sí yín létí, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìdílé mìíràn ò ní ẹlòmíràn tó máa bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà yìí. Òjó tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Piątek tó wà nínú rẹ̀, ẹ wo ìrù abẹ́ a yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogi.